Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ tí a ti gé padà di odidi àkọsílẹ̀ nínú R

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní tábìlì èsì àwọn oníbàárà nínú R (èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà), èsì kan lórí ìlà kan. Mo fi unnest_tokens (ti àkójọ tidytext) gé wọn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò nílò kúrò. Mo wá fẹ́ kí èsì kọ̀ọ̀kan padà sórí ìlà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n paste(oro, sep = " ") kò yí nǹkan kan padà. Níbo ni àṣìṣe wà?

Ìdáhùn: collapse lẹ nílò, kì í ṣe sep. Òpó méjì tó wà lórí ìlà kan náà ni sep ń fi àlàfo sí láàárín; ẹ fún un ní òpó kan ṣoṣo, kò sì rí ohun tí yóò so. collapse ló ń kó gbogbo ohun tó wà nínú òpó kan jọ. Àmọ́ bí ẹ bá lò ó lásán, èsì gbogbo oníbàárà yóò dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ sì ti fún un kí ẹ tó gé e. Nínú kóòdù yìí, esi ni tábìlì yín, akosile ni òpó tí èsì wà nínú rẹ̀, ayokuro sì ni tábìlì àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ yọ, nínú òpó tó ń jẹ́ oro:

esi <- esi %>% mutate(id = row_number())

oro_esi <- esi %>%
  unnest_tokens(oro, akosile) %>%
  group_by(id) %>%
  mutate(ipo = row_number()) %>%
  ungroup()

esi_tuntun <- oro_esi %>%
  anti_join(ayokuro, by = "oro") %>%
  filter(!is.na(oro)) %>%
  arrange(id, ipo) %>%
  group_by(id) %>%
  summarise(mimo = paste(oro, collapse = " "))

Ẹ má fojú kéré òpó ipo yẹn, tó ń tọ́jú ipò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú èsì rẹ̀. anti_join, tó ń yọ àwọn ọ̀rọ̀ ayokuro, kì í da ètò ìlà rú, ṣùgbọ́n merge() máa ń tún ìlà tò bí ẹ kò bá kọ sort = FALSE, gbólóhùn yín á sì dojú rú. Ti count() tilẹ̀ burú jù: ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta di ìlà kan, kò sì sí kóòdù tó lè mú ètò wọn padà láti ibẹ̀.

Bí ẹ bá kọ mutate níbi tí summarise wà, odidi èsì náà yóò tún ara rẹ̀ kọ lórí ìlà gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlà filter wà níbẹ̀ nítorí pé paste a máa sọ NA (àmì tí R fi ń sọ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀) di lẹ́tà méjì gidi, "NA", láàárín gbólóhùn.

Ẹ ka iye ìlà tó wà nínú esi_tuntun. Bí ó bá dín sí ti esi, àwọn èsì kan ló jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn lẹ ti yọ. left_join(esi, esi_tuntun, by = "id") yóò dá ìlà wọn padà, pẹ̀lú NA nínú mimo.

Lẹ́tà ńlá àti àmì ìdánudúró ńkọ́? unnest_tokens ti pa wọ́n rẹ́. Ẹ lè fi to_lower = FALSE àti strip_punct = FALSE dá wọn sí, ṣùgbọ́n àlàfo yóò wà ṣáájú kọ́mà gbogbo, ẹ ó sì fi gsub(" ([.,;:!?])", "\\1", mimo) fà á yọ. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ àtilẹ̀wá gan-an lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ to ọ̀rọ̀ kankan: left_join kan náà yẹn ti gbé e wá nínú òpó akosile.

Bó bá sì jẹ́ token = "ngrams" (tó ń kó ọ̀rọ̀ mélòó kan tó tẹ̀ léra sórí ìlà kan) lẹ fi gé e, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ kan náà máa ń wà nínú ìlà méjì tó tẹ̀ léra. Ẹ padà sórí esi, kí ẹ tún un gé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.