Màmá mi ti ìwé ìrìnnà mi mọ́ inú àpótí

ÌBÉÈRÈ
Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni ilé wa, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ti gbà mí wọlé fún ẹ̀kọ́ másítà lórí ètò ìlera, ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ọmọ àbúrò màmá mi tẹ̀lé ẹ́jẹ́ǹtì kan lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ àdírẹ́sì ibi tó ń lọ. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì lé ní ọdún méjì kí ó tó padà wálé pẹ̀lú àpá iná ní apá. Ní oṣù tó kọjá, màmá mi mú ìwé ìrìnnà tèmi, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ wọn, wọ́n ní ó dìgbà tí mo bá lọ́kọ. Ṣé kí n lọ gba òmíràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀?
Ọmọ Òkè-Àró

ÌDÁHÙN
Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lè fún ọ ní òmíràn, wàá ní láti gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí o sì búra ní kóòtù pé èyí àkọ́kọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ ìwọ gan-an mọ àpótí tó wà. Ìbúra èké ni ìyẹn.

Òótọ́ ni pé o ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Abala 41 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ dí ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ láti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti rí irú àpá iná bẹ́ẹ̀ lára ọmọ àbúrò rẹ̀, a kì í ka abala òfin sí i létí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ìwọ ni yóò fi hàn wọ́n pé ekòló ni èyí.

Ní Lẹ́bánónì, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala, ọwọ́ ọ̀gá ilé ni ìwé ìgbé ọmọ ọ̀dọ̀ so mọ́. Bí ó bá sá kúrò níbẹ̀, ó di arúfin. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni yóò fi nọ́ńbà CAS, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà ọ́ wọlé, ránṣẹ́ sí ọ, ìjọba Ìlú Ọba sì ń gbé orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ní àṣẹ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Nípa ti ọkọ, láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ka másítà kò lè mú ọkọ tàbí aya dání mọ́. Bí o bá tìtorí ìrìn-àjò yìí ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò pín yà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí màmá rẹ bá ti jẹun tán, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí o ka lẹ́tà yunifásítì náà fún wọn ní Yorùbá, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Pe ọmọ àbúrò wọn síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó máa bi ọ́ ní ìbéèrè, nítorí pé òun ló mọ ohun tí kò sí ẹni tó bi òun nígbà náà: ta ni yóò pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ ta ni ìwé ìrìnnà rẹ yóò wà, bí owó bá tán ńkọ́? Ìbéèrè tí o kò bá rí ìdáhùn sí, kí o má tíì lọ títí wàá fi rí i. Bí o bá sì ń lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní Èkó fún físà náà, mú màmá rẹ dání.

Ìdajì owó tí o sọ yẹn ń kọ mí lóminú, màmá rẹ ì bá sì jàre bí ó bá ń kọ àwọn náà lóminú. Wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ másítà ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyẹn kò lè san ìdajì tó kù. Owó oúnjẹ àti ti ilé sì gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 kí o tó béèrè físà. Bí owó kò bá tíì pé, bẹ yunifásítì kí wọ́n sún ọ sí ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin màmá, mo mọ̀ pé ọmọ yóò ka èyí fún yín. Àwọn tó fìyà jẹ ọmọ àbúrò yín, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ti ọ̀dọ̀ yín kọ́ ọ pé ẹlòmíràn lè bá òun di ìwé òun mú. Ẹ ṣí àpótí náà, kí ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ibi tí yóò máa gbé àti nọ́ńbà yunifásítì náà. Àwọn ìyẹn ni kí ẹ tì mọ́ inú àpótí.