Ṣé ìfẹ́ ni "love" inú tẹ́níìsì?

Ọmọkùnrin kan tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'She won the first game to love.' Mo mọ̀ pé òdo ni 'love' yẹn, àmọ́ kí ló dé tí òdo fi ń jẹ́ ìfẹ́? Olùkọ́ mi kan ní Kùtọnù ní ẹyin ni, pé inú èdè Faransé ló ti wá. Ṣé 'amour' ni kí n kọ ni, àbí 'œuf'?"

Má kọ ìkankan nínú méjèèjì. "Zéro" ni Faransé ń pè é. Adájọ́ tó jókòó sórí àga gíga ní Roland Garros, pápá ìdíje tẹ́níìsì ńlá tó wà ní Paris, "quinze-zéro" ló máa ké, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí òdo, kò ní dá ìfẹ́ kankan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí o fi ránṣẹ́ yìí gan-an kò fẹ́ "zéro" pàápàá. A ó padà débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sọ. Wọ́n ní òdo rí roboto bí ẹyin, Faransé ń pe ẹyin ní "l'œuf", àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gbọ́ ọ ní "love". Ó dùn ún gbọ́. Ohun tó sì jẹ́ kó dà bí òótọ́ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní irú rẹ̀ nínú kíríkẹ́ẹ̀tì: ẹni tí wọ́n bá lé jáde kó tó rí àmì kan ṣoṣo gbà, "duck" ni wọ́n ń pe tirẹ̀, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n gé kúrú ni. Àmọ́ kò sí ìwé àtijọ́ kan tó fi hàn pé àwọn Faransé fi ẹyin ka òdo nínú eré yìí rí. Èyí tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fara mọ́ jù ni pé inú àṣà "to play for love" ló ti jáde, pé kí èèyàn ta ayò láìfi owó lélẹ̀, kó máa ta á torí pé ayò wù ú. Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ lélẹ̀, tí kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́, ìfẹ́ ló kù tó fi ń ṣeré. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi, ẹ̀fẹ̀ àti èébú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ta á.

Ibi tí olùkọ́ rẹ ti sún mọ́ òótọ́ ni pé Faransé ni ìyá tó bí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tẹ́níìsì. Orúkọ eré náà fúnra rẹ̀, "tenez" ni, "ẹ gbà á o!" Igbe tí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ń ké sí ẹnì kejì rẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, tí wọ́n ń pè é ní "jeu de paume", eré àtẹ́lẹwọ́. "Deuce" tí wọ́n ń ké nígbà tó bá di ogójì sí ogójì, inú "deux" ló ti jáde, èjì, torí pé àmì méjì tẹ̀lé ara wọn ni ẹni tó fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ gbà. Wàyí o, lọ sí Paris lónìí kí o ké "deux" nígbà tó bá di ogójì sí ogójì, wọn á kàn máa wò ọ́ ni. "Égalité" ni wọ́n ń sọ, ó dọ́gba. Orúkọ eré náà ńkọ́? Walter Wingfield gba ìwé àṣẹ lórí tẹ́níìsì orí koríko ní London ní 1874, eré tuntun náà tàn kálẹ̀, ó sì padà wọ ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì: "le tennis". Bí ẹni tó ta iṣu láàárọ̀ tó wá ra èlùbọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bi ọ̀rọ̀ léèrè ibi tó ti wá, bí mo bá ń túmọ̀. Ibi tó ń gbé báyìí ni mo ń bi í. Ìtàn ọ̀rọ̀ dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, àmọ́ kì í báni túmọ̀ gbólóhùn kan.

Rọ́gíbì ló ń fi èyí han èèyàn jù. Àwọn mẹ́jọ mẹ́jọ á wa orí pọ̀ bí àgbò, wọ́n á máa ti ara wọn, bọ́ọ̀lù á sì yí wọ àárín ẹsẹ̀ wọn. Ọkùnrin tó wà láàárín ìlà iwájú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "hooker", torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bí ìkọ́. Ṣùgbọ́n aṣẹ́wó náà ni "hooker" nígboro, nítorí náà ẹni tó bá gbé ìwé atúmọ̀ ṣákálá ka iwájú lè sọ ọmọkùnrin ọgọ́rùn-ún kílò di nǹkan mìíràn. Faransé ń pè é ní "talonneur", láti ara "talon", gìgísẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni èdè méjèèjì ń wò: ọ̀kan rí ìkọ́, èkejì rí gìgísẹ̀. Àwọn méjì tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, "pilier" ni Faransé ń pè wọ́n, òpó. Èyí tiẹ̀ bá Yorùbá lẹ́nu mu.

"Try" ńkọ́? Ìyẹn ní tirẹ̀, wọ́n kàn gbé e láti èdè kan sí èkejì bó ṣe wà ni, "essai", ìgbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò kò gbìyànjú, ó ti ṣe é. Láyé ìbẹ̀rẹ̀, gbígbé e lélẹ̀ kò ní àmì kankan nínú. Àyè ló ń fúnni láti gbìyànjú kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó. Lónìí àmì 5 ló wà nínú rẹ̀, láti 1992, orúkọ ìgbìyànjú sì ṣì wà lórí rẹ̀ lédè méjèèjì.

Mo tún fẹ́ kí o wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "touche". Fífọwọ́kàn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn tó ń fi idà ṣeré, "touche" ni pé idà ti kan alátakò, àmì nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá ni, òun náà sì ni jíjù tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ju bọ́ọ̀lù padà wọlé. Nínú rọ́gíbì, ó di ìlà méjì tí àwọn òmìrán tò sí, tí wọ́n ń gbé ara wọn sókè kí wọ́n lè já bọ́ọ̀lù gbà lófuurufú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "line-out". Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni "touche" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ní pápá wo?

Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rọrùn díẹ̀, àfi "goal". Góòlù ni "but" lédè Faransé. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé ti yá "goal" náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gé "goalkeeper" kúrú sí i, aṣọ́lé ni wọ́n ń fi pè. Bí o bá kà á pé "le goal est blessé", aṣọ́lé ló fara pa, kì í ṣe òpó. Irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lọ́wọ́ wọn, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, ara Faransé nínú. Ẹni tó ń gbá tẹ́níìsì ni "tennisman", kò sí ọmọ London tó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Footing" ni pé èèyàn ń sáré jẹ́jẹ́ láàárọ̀. "Baskets" ni bàtà eré. "Pressing" ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, àmọ́ lẹ́nu kóòṣì bọ́ọ̀lù, òun náà ni kí ẹ máa sáré lé alátakò mọ́ inú ilé wọn.

Ti mọ́tò ni mo fi jìyà ní tèmi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, oníṣòwò kan tó ń ra páàtì ní Kùtọnù gbé ìwé ọjà kan fún mi kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo rí "quatre bougies". Mo kọ àbẹ́là mẹ́rin. Ojú ò tiẹ̀ tì mí, mo rò pé bóyá ó fẹ́ múra sílẹ̀ de àìsí iná. Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: "Ìwọ, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ dá sílẹ̀ ni?" Púlọ́ọ̀gì ni, púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ ni pé àbẹ́là náà ni "bougie", orúkọ ìlú kan ní Àlùjéríà ló sì ti wá, Béjaïa, ibi tí wọ́n ti ń kó ìda wá sí Yúróòpù nígbà kan. Ṣùgbọ́n kí ni ìda ń wá nídìí mọ́tò?

Lójú ìwé kan náà ni mo ti kọ "distribution belt" fún "courroie de distribution". Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló pé, kò sì sí mẹkáníìkì kan tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìdìrókò tó kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Kò wo ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí imú mọ́tò kan tó wà níwájú rẹ̀, ó fi ìka tó dúdú fún epo kan bẹ́líìtì tó yí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ká: "Àwọn ará ọ̀hún ń pe eléyìí ní distíríbúsíọ̀n. Níbí, táímìn bẹ́líìtì ni." Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bẹ́líìtì yìí ló ń so ìgbà tí ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì ń ṣí àti ìgbà tí wọ́n ń pa dé mọ́ ìyíká ẹ́ńjìnnì náà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé lásìkò, kí èéfín lè jáde lásìkò. Gẹ̀ẹ́sì rí àsìkò. Faransé rí pípín, pé ó ń pín afẹ́fẹ́ fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ìkọ́ àti gìgísẹ̀ náà tún ni. Kí n tó kúrò níbẹ̀ ó ní: "Bí wọ́n bá rán ọ ní epo lọ́hùn-ún, má béèrè pétrole o." Bẹntiróò ni "essence" lọ́dọ̀ wọn. "Pétrole" tí wọ́n ń lò nílé, kẹrosíìnì àtùpà ni.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan bá rú mi lójú, ẹni tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan náà ni mò ń pè kí n tó ṣí ìwé.

Àwọn ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì sí rárá, tí ẹnì kan ní láti jókòó dá a. Ní 1955, IBM ti ilẹ̀ Faransé ń wá orúkọ fún ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ tà. Oníṣirò lásán kò tó o. Wọ́n kọ̀wé sí Jacques Perret, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Látìn ní Sorbonne, òun ló sì fún wọn ní "ordinateur", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ń pe Ọlọ́run rí, Ẹni tó ń to ayé létòlétò. Gẹ̀ẹ́sì rí ìṣirò lára kọ̀ǹpútà, Faransé rí ètò. Àwa rí ìyára, a pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tiwa ló ṣe é rí lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣá ilé mi máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó gbéra.

"Ordinateur" jẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń lò ó. Kì í sábàà rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ní ìgbìmọ̀ tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin èdè ní 1994, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin Toubon. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n pe "tie-break", abala tí wọ́n fi ń já ọ̀mì nínú tẹ́níìsì, ní "jeu décisif", àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ní 2013 wọ́n ní kí "hashtag" di "mot-dièse", àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. "Courriel", ìyẹn í-méèlì, Québec ní Kánádà ló ti gbilẹ̀, ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí i ní 2003, síbẹ̀ "mail" ló kún ẹnu àwọn ará Paris. Nínú họ́kì orí yìnyín, "rondelle" ni Québec ń pe ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, "palet" ni ilẹ̀ Faransé ń pè é. Nítorí náà kí o tó kọ ohunkóhun, bi ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ pé ibo ni wọ́n ti máa kà á.

Ó wá ku gbólóhùn tìrẹ. Bí ẹnì kan bá jẹ abala kan láìjẹ́ kí alátakò rẹ̀ gba àmì kankan, àwọn Faransé ní orúkọ fún un: "jeu blanc", eré funfun. Funfun bí ojú ìwé tí ẹnì kan kò tíì kọ nǹkan sí. Torí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní obìnrin náà fi ìfẹ́ jẹ abala àkọ́kọ́, ohun tí èmi máa kọ ni "Elle a commencé par un jeu blanc."