Ẹlẹ́rìí Tó Ti Búra Èké Rí: Ṣé Ẹ̀rí Rẹ̀ Ṣì Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ Nínú Ẹjọ́ Ìpànìyàn?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àláékúmù, Ààfáà wa. Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti wà ní kóòtù. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé òun fojú ara òun rí ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ọkùnrin yìí ti búra èké rí. Ó fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni ò fowó pamọ́ sọ́wọ́ òun, kí àṣírí tó tú. Ó ti dá owó náà padà, ó ti tọrọ àforíjì, kò sì sẹ́ni tó tún ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu látìgbà náà. Lọ́yà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì gbọ́ sí i. Àgbà ẹbí wa ní ká panu mọ́, torí tí wọ́n bá gbọ́, ẹjọ́ dàrú nìyẹn. Ṣé ẹ̀rí ọkùnrin yìí tọ́ lójú ẹ̀sìn? Ṣé a sì lè dákẹ́?

ÌDÁHÙN: Wàláékúmù sàláàmù wàráhmátúlláhì. Arábìnrin mi, kí Ọlọ́hun forí jin ẹ̀gbọ́n yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀, kó sì tu ẹ̀yin tó kù nínú.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí kò gba àríyànjiyàn: ẹ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ti àkọ́kọ́ ló gba àlàyé, nítorí nǹkan méjì làwọn èèyàn máa ń lọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni bóyá ẹni yìí ṣeé gbára lé. Èkejì ni bóyá ohun tó ń sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ òótọ́.

Ọlọ́hun fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Nínú Súrátù Tọ́láàkì, áyà 2, ó ní ká fi àwọn onídéédé méjì ṣe ẹlẹ́rìí. Nínú Súrátùl Bákọ́rà, áyà 282, ó ní kí wọ́n jẹ́ àwọn tá a yọ́nú sí. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù fún àwọn sàhábé, ńṣe ló fẹ̀yìn tì. Ó dárúkọ ẹbọ ṣíṣe, ó dárúkọ ṣíṣẹ òbí ẹni. Bó ṣe dórí ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, títí àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń wí lọ́kàn pé ì bá jẹ́ dákẹ́. Bùhárì àti Múslímù gba hádíìsì yìí wá. Ẹni tó sì búra èké lórí owó ẹlòmíì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lòun náà dá.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun ní ká ṣe nígbà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku bá mú ìròyìn wá, nínú Súrátùl Hujuráátì, áyà 6. Kò ní ká dà á nù. Ó ní ká wádìí rẹ̀, ká má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan ní aburú, ká wá máa kábàámọ̀. Ìgbà kan wà tí Ànábì fi Abú Huráírà ṣọ́ sàká Ramadan. Ẹnì kan wá lóru, ó ń bu oúnjẹ níbẹ̀. Abú Huráírà mú un, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun ò ní wá mọ́, ó tún wá. Ó tún bẹ̀bẹ̀, ó tún wá. Lóru kẹta, ó ní kó fi òun sílẹ̀ kí òun kọ́ ọ lóhun tó máa ṣe é láǹfààní: tó bá fẹ́ sùn, kó máa ka Áyátùl Kúrísíyù. Nígbà tí Abú Huráírà ròyìn rẹ̀ fún Ànábì, ó fèsì pé òótọ́ lẹni náà sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpùrọ́ paraku ni. Ṣàìtáánì ni. Kì í wá ṣe ẹnu olè yẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ o, Ànábì ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù lójú tèmi ni ti Ànábì Yakubu àtàwọn ọmọ rẹ̀, nínú Súrátù Yúsúfù. Àwọn ọmọ yìí ju àbúrò wọn sí kànga, wọ́n gbé ẹ̀wù rẹ̀ wálé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára rẹ̀, wọ́n ní ìkookò ló pa á jẹ. Bàbá wọn ní rárá, ọkàn yín ló ṣe nǹkan kan lọ́ṣọ̀ọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Wọ́n tún dé láìmú àbúrò wọn mìíràn lọ́wọ́, wọ́n ní ó jalè ní Íjíbítì, wọ́n sì fi kún un pé, “A ò jẹ́rìí àfi sí ohun tá a mọ̀.” Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Ojú wọn ni wọ́n ṣe yọ ife ọba nínú ẹrù ọmọ náà. Síbẹ̀ gbólóhùn kan náà tí bàbá wọn sọ ní áyà 18 ló tún sọ fún wọn ní áyà 83. Irọ́ ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ yẹn ti ba òótọ́ ife jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn náà kúkú mọ̀ pé ẹnu wọn ò tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ ní áyà 82 pé kó béèrè lọ́wọ́ ará ìlú táwọn wà, kó tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ rìn wálé. Ohun tí ẹni tí irọ́ rẹ̀ ti hàn rí gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn: kó tọ́ka sí ibòmíì tí wọ́n ti lè wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti túúbá rẹ̀, ìyẹn ìrònúpìwàdà rẹ̀, ńkọ́? Nínú Súrátù Núúrù, Ọlọ́hun ní ká má gba ẹ̀rí ẹni tó parọ́ sìná mọ́ obìnrin rere mọ́ láé, ó sì yọ àwọn tó túúbá tí wọ́n tún ìwà wọn ṣe sílẹ̀. Kálífà Umaru sọ fáwọn tó nà lórí ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ pé òun á gba ẹ̀rí ẹni tó bá túúbá nínú wọn. Èrò Imam Málíkì, Ṣáfíì àti Ahmad nìyẹn, mẹ́ta nínú àwọn imam mẹ́rin tí Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé nínú òfin ẹ̀sìn. Abú Hanífà, tó jẹ́ ẹnì kẹrin wọn, ní ẹ̀rí onítọ̀hún kò tún ṣeé gbà, túúbá náà wà láàárín òun àti Olúwa rẹ̀. Lórí ẹni tó purọ́ lọ́nà mìíràn, àwọn onímọ̀ kan lára ọmọlẹ́yìn Abú Hanífà ya ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣubú sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì túúbá. Ti ẹni kejì yìí ṣeé gbà. Àwọn kan ní ká wò ó fún oṣù mẹ́fà, àwọn kan ní ọdún kan, kí ìyípadà rẹ̀ lè hàn. Látinú ohun tẹ́ ẹ kọ, ọkùnrin yìí sún mọ́ ẹni kejì, torí pé ó dá owó olówó padà. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ di asán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn là ń sọ. Bó bá jẹ́ olódodo látọjọ́ tó ti dáyé pàápàá, ẹlẹ́rìí méjì ni àwọn imam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń béèrè kí wọ́n tó gba ẹ̀mí dípò ẹ̀mí nípasẹ̀ ẹlẹ́rìí. Imam Málíkì gbà pé ẹlẹ́rìí onídéédé kan lè ṣí ọ̀nà fún ìbúra 50 látọ̀dọ̀ àwọn ẹbí òkú. Orí ọ̀rọ̀ Abdullahi ọmọ Sahl, sàhábé kan tí wọ́n bá òkú rẹ̀ ní ìlú Kháíbárì, ni ọ̀rọ̀ ìbúra yìí ti wáyé. Ànábì ní káwọn èèyàn rẹ̀ búra. Ìdáhùn wọn máa ń wọ̀ mí lára: báwo làwọn ṣe máa búra sí ohun táwọn ò rí? Èèyàn wọn ni wọ́n pa o, inú wọn sì ń gbóná, síbẹ̀ wọn ò búra. Ànábì fúnra rẹ̀ ló san 100 ràkúnmí fún wọn.

Ibi tí mo ti dá àgbà ẹbí yín lóhùn nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ má bá wọn jà. Àmọ́ Súrátù Nísáì, áyà 135, ní ká dúró ti ìdọ́gba, kódà kó lòdì sí ara wa, òbí wa àti ìbátan wa. Bí wọ́n bá ní àṣírí Mùsùlùmí là ń bò, onímọ̀ ńlá nì, Imam Nawawi, ka sísọ àléébù ẹlẹ́rìí mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda nígbà tí ìdí bá wà. Àwọn ọkùnrin méjì wá jẹ́rìí olè lé ẹnì kan lórí níwájú Kálífà Àlíyù, ó gé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tún mú ẹlòmíì wá, wọ́n ní àwọn ṣèèṣì, ẹni yìí gan-an ni. Àlíyù kọ ẹ̀rí wọn lórí ẹni kejì, ó ní kí wọ́n san owó ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó sì ní tóun bá mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, òun ì bá gé ọwọ́ tiwọn. Ọwọ́ nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìdákẹ́ yín ràn lọ sẹ́wọ̀n tàbí ikú yìí, bó bá jẹ́ pé kì í ṣe òun ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ sọ fún lọ́yà tó ń bójú tó ẹjọ́ yín kí ìgbẹ́jọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dáa kí ẹlẹ́rìí náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú adájọ́ ju kí wọ́n wá tú u fún un lọ. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù òde òní, irọ́ àtijọ́ kì í ti ẹ̀rí síta pátápátá, adájọ́ ló máa wo bó ṣe wúwo tó. Bó bá fẹ́ sá nítorí ìtìjú, ẹ rán an létí Súrátùl Bákọ́rà, áyà 283: ẹni tó bá bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀.

Kẹ́ ẹ wá wá ohun tó lè ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá Yúsúfù fẹ̀sùn kàn án, ẹ̀wù rẹ̀ tó ya lẹ́yìn ló dá a láre, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Níbo ni ẹlẹ́rìí yìí dúró sí? Ṣé iná wà níbẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ sọ fún, ṣé kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni ni? Ṣé ìjà wà láàárín òun àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn? Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ìwà rẹ̀, ẹ má mú àwọn tó kàn máa ń rí i lórí ìrun ní mọ́sáláṣí. Nígbà tí ẹnì kan fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ẹlẹ́rìí níwájú Umaru, ó bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti jọ rìnrìn àjò, bóyá wọ́n ti jọ da owó pọ̀. Ó ní rárá. Umaru ní, “O ò mọ̀ ọ́n.” Owó ló ba ọkùnrin tiyín yìí jẹ́ nígbà kan, nítorí náà ẹ wá àwọn tó ti fowó pamọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó túúbá, kí wọ́n wá sọ bó ṣe dá a padà.