Ẹ gbé àbúrò yín lọ sílé ìwòsàn báyìí, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ le

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín ṣèèṣì mu oògùn apakoríko ẹnu kan nínú ike omi lóko lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí, ó bì, ẹ fún un lépo pupa, ó sì ti ń jẹ̀kọ, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ ṣì máa wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró máa wò ó nílé rárá.

Nọ́ọ̀sì ni mí, apá Ẹ̀pẹ́ níbí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ paraquat ni, ìyẹn oògùn apakoríko kan tó jẹ́ májèlé burúkú, ara líle ọjọ́ kìíní ló ń tan ẹbí jẹ. Mo tọ́jú ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bá wa ṣàwàdà, tó ń béèrè ìgbà tó máa lọ sílé. Nígbà tó yá ahọ́n rẹ̀ funfun, ó ń bó, kò lè gbé itọ́ mì. Ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, kíndìnrín ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mímí wá dogun.

Kò sí oògùn kankan tó ń pa agbára májèlé yìí. Èédú oògùn tí wọ́n lọ̀ kúnná la máa ń fún wọn mu, wákàtí kan sí méjì àkọ́kọ́ ló sì wúlò jù. Bí àkókò yẹn bá tiẹ̀ ti kọjá, ẹ ṣì lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ló máa ń dájà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ìyá kan di aṣọ mi mú: “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò lè mí, ẹ fa ọ́síjìn sí i nímú!” Mo mọ ohun tó ń ṣe é, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn yẹn gan-an ni paraquat fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a kì í fún wọn àfi tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ má bá wọn jà tí wọn ò bá fún un.

Ẹ má fún un lépo mọ́, ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Tó bá ta sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ike tí wọ́n ti bù ú gan-an, èyí tó ní ìwé lára, kẹ́ ẹ gbé e dání, torí ìtọ́jú oògùn kòkòrò yàtọ̀ pátápátá. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé kò lè jẹ́ òun.

Tó bá sì jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ mu ún ni, ẹ má bú u lọ́nà, ẹ má sì fi pamọ́ fún dókítà. Ẹ sọ aago tó mu ún, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn náà.