Ṣé dídá hard drive tí a kò lò dúró ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù?

Ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ó ń dúró tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí hard drive bá ń yí, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín ni ó ń gbé orí tí ń ka àkọsílẹ̀ sókè kúrò lára àwo tí fáìlì wà lórí rẹ̀, nítorí náà yíyí lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Ìgbà tí ó bá ń ti ìdúró dìde ni mọ́tò rẹ̀ ń fa iná jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi máa ń kọ òǹkà sínú ìwé àlàyé rẹ̀: 50,000 ìbẹ̀rẹ̀ wọ́pọ̀ fún ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, nígbà tí 300,000 tàbí 600,000 wà fún gbígbé orí tí ń ka àkọsílẹ̀ náà lọ síbi ìsinmi rẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Èyí tí ó bá ń dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ yóò lò ju 30 ọdún lọ kí ó tó pé 50,000. Ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ bá ń lọ sinmi ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 208 péré tó láti pé 300,000. Lójú tèmi, èyí tí ẹ ń kó àdàkọ fáìlì sí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ lè dúró lẹ́yìn wákàtí kan (lórí kọ̀ǹpútà tí ń lo ètò Linux, àṣẹ rẹ̀ ni hdparm -S 242, tí orúkọ hard drive náà yóò tẹ̀ lé), ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò tọ̀sán-tòru, ẹ jẹ́ kí ó máa yí.