Ẹran tó rọ̀, ikùn tó le: ọ̀rọ̀ lórí "tender"

Ìyáàfin wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níhìn-ín, ẹ kú òwò o. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ "tender" sára pátákó ilé oúnjẹ yín, kí àwọn awakọ̀ tó ń ti Nàìjíríà gba Ìlárá wọlé lè mọ̀ pé ẹran yín rọ̀, ẹ sì tún béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà bá iyán àti búrẹ́dì mu. Fún ẹran, ẹ kọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ẹran tó jinná tí kò sì yi, tí eyín ń gé láìbá a jà, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Iyán kì í ṣe "tender" bó ti wù kó kúnná tó. "Soft" ni tirẹ̀ àti ti búrẹ́dì, bíi ti òwú àti tìmùtìmù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, n kò sì lè dárúkọ rẹ̀ kí n má sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2012, mo kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, inú rírun sì kì mí mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àyíká ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Dókítà tí a bá ní ilé ìwòsàn kan kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, èmi náà sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo ka Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó fi ìka mẹ́ta tẹ ibẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára fóònù, ó ní: "Is it tender?" Ọkàn mi lọ tààrà sí "tendre" ti Faransé, èyí tí a máa ń bi alápatà nípa ẹran. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ikùn mi rọ̀ ni. Ikùn tó le bí pákó! Mo fi ìgboyà dáhùn pé: "No, sir. Not tender. Hard." Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lójijì, ìrora náà ta mí ju ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ, òógùn ń ṣàn wọ etí mi, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró tì wá, mo sì di eyín mọ́ra. Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé, ó fún mi ní oògùn ibà, ó ní kí n máa lọ sílé.

Ibà! Àpáńdísíìtì ni, ìyẹn àìsàn tó ń mú ìfun kékeré kan wú ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ìfun náà sì bẹ́ sí mi nínú ní òru ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn mìíràn ló là mí níkùn, mo sì lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ló ka ìwé àkọ́kọ́ yẹn sí mi létí: "non-tender". Ó ṣàlàyé pé lẹ́nu oníṣègùn, ibi tó ń dunni tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni "tender". Eéwo tó le bí òkúta lè jẹ́ "tender". Àṣé èmi fúnra mi ni mo sọ fún dókítà pé kò dùn mí! Síbẹ̀, n kò gbà pé ẹ̀bi èmi nìkan ni, nítorí ẹni tó bá wo ojú aláìsàn kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan, ikùn tó sì le báyẹn tó láti ta á lólobó. N kò sì tíì dárí ji olùkọ́ wa tó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti jọ Faransé, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Àwọn dókítà tiwa kì í sọ "tendre" nípa ibi tó ń dunni. "Sensible" tàbí "douloureux" ni wọ́n ń sọ. Bí ọ̀ràn bá gbé yín dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sáà ní "It hurts when you press", kí ẹ sì pariwo bó bá dùn yín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tó wà nínú ìwé iṣẹ́ àgbàṣe: "tender" ibẹ̀ ni iye tí oníṣẹ́ sọ pé òun yóò fi ṣe iṣẹ́, kò kan rírọ̀ rárá. Ara owó dọ́là náà ni "legal tender" wà, ìyẹn owó tí òfin fọwọ́ sí fún sísan gbèsè. Inú "tendre" tó túmọ̀ sí kí a na nǹkan sí ènìyàn ni àwọn méjèèjì ti wá, ó sì yàtọ̀ sí ti ẹran.

Ní ti pátákó yín, "Tender goat meat" ni kí ẹ kọ, kí ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú ẹran, kì í ṣe bí Faransé ṣe ń tò ó. Ẹ má fi "s" kún un bó ti wù kí ẹran pọ̀ tó, nítorí bí awakọ̀ bá rí "tenders", adìyẹ díndín tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa bi yín.