Èsì: Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Corbera d'Ebre padà bíi ti tẹ́lẹ̀?
Ẹ kú ìbéèrè o ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì Sant Pere yẹn, ní abúlé Corbera d'Ebre ní Spéènì, ogun abẹ́lé wọn ló bà á jẹ́, ìjà odò Ebro lọ́dún 1938, bọ́ǹbù fọ́ abúlé náà yángá, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì sì wó. Àwọn ará ibẹ̀ kúkú lọ kọ́lé tuntun sí ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n fi àwókù sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tún un ṣe, wọn ò pa àpá ogun rẹ́ lára ògiri o, ike ETFE tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n fi bo òkè rẹ̀, òjò ò wọlé mọ́, tẹ́ẹ bá sì gbójú sókè ẹ ó rí ojú ọ̀run kedere. Témi, ìyẹn dáa ju kí wọ́n pa àpá náà rẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.